Ọdẹ́rìndé ní Ilé Ìdáná Ọkùnrin Tí Ó Pa

Ẹ fún ara yín láyè, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹni tí ó wà lẹ́yìn lè rí ibi na ẹsẹ̀ sí. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lọ́sàn-án òní kì í ṣe èyí tí a ń fi ẹ̀rín gbà. Ẹni tí ó bá ní ẹkún tí kò tíì sun, kí ó gbé e wá. Ẹni tí kò bá ní, kí ó jókòó ti ẹni tí ó ní. Èmi Adígún ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀, èmi tí mo wo ẹfọ̀n lójú tí ẹfọ̀n sì kọ́kọ́ ṣẹ́jú, èmi tí àmọ̀tẹ́kùn gbọ́ ikọ́ mi tí ó fi ẹran tí ó pa sílẹ̀ fún mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín, awọ rẹ̀ ni mo jókòó lé yìí. Ṣùgbọ́n ìtàn tèmi kọ́ ni ti òní. Ìtàn ọ̀gá mi ni, Ọdẹ́rìndé ọmọ Látúndé, ẹni tí ó kọ́ mi bí a ti ń ki ìbọn, tí ó sì kọ́ mi bí a ti ń gbé e kọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́ fún mi ní ọdún tí ó kú, kò sì fi nǹkan kan pamọ́.

Ọdẹ́rìndé jẹ́ ẹni tí ìbọn rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá ti dún, ẹ máa pọ́n ọ̀bẹ. Ìyìn yìí gan-an ni ó bà á jẹ́. Bí ènìyàn bá ń gbọ́ lójoojúmọ́ pé òun kì í tàsé, kò ní pẹ́ tí yóò fi rò pé ohunkóhun tí òun bá yìnbọn sí, ẹran ni. Ewé kan kò gbọdọ̀ mì lójú rẹ̀. Àwọn àgbà ọdẹ kìlọ̀ fún un títí: "Ọdẹ́rìndé, ojú ni kí ó kọ́kọ́ pa ẹran kí ìbọn tó pa á." Yóò ní, "Ẹ̀yin bàbá, kí ojú mi tó pa á tán, ẹran á ti dé ilé àna rẹ̀." A ó sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, n kò ní purọ́ fún yín. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà òjò, nígbà tí ó ti lo ọjọ́ mẹ́ta nínú igbó láì rí nǹkan pa, kùrukùru bo ilẹ̀ dé orúnkún. Ó rí i tí igbó ń mì ní ìdí igi àràbà kan. Ohun kan lóṣòó síbẹ̀, ó tẹ orí ba, ẹ̀yìn rẹ̀ sì funfun díẹ̀ bí ìdí ìgalà. Ọdẹ́rìndé kò sún mọ́ ọn, kò dúró kí atẹ́gùn gbá kùrukùru kúrò. Ó fa ìbọn. Ìbọn dún, ohun náà sì ké.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹran kì í ké báyẹn.

Nígbà tí ó sáré débẹ̀, ọkùnrin kan ni ó bá nílẹ̀, àgbàlagbà tí awọ ara rẹ̀ rí bí ti ẹni tí wọ́n ti rẹ sínú omi, tí ó so aṣọ funfun mọ́ ìdí bí alásè. Apẹ̀rẹ̀ kan dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ìgbín tí ó ń ṣà ń rìn jáde lábẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ọkùnrin náà wò ó. "Ọdẹ," ó ní, "kí lo pè mí?"

"Mo pè yín ní ìgalà," ni Ọdẹ́rìndé wí.

"Ìgalà." Ó mirí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ iye ọjọ́ orí rẹ̀ fún tí kò bá a mu. "Wọ́n mà ń dúró de ìrẹsì lọ́sàn-án yìí." Ó sì dákẹ́.

Ọdẹ́rìndé wo ọ̀tún, ó wo òsì. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọ̀gá mi kì í ṣe ènìyàn búburú, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kì í bi ènìyàn bóyá ó dára. Ó já ewé bo òkú náà, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó sá. Kò tíì rìn tó ogún ìṣísẹ̀ tí ẹrù kan fi bọ́ lé e lẹ́yìn. Apá méjì tútù rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, àgbọ̀n kan sì sinmi lé e lórí èjìká. Òkú ni.

Ó fi ẹ̀yìn ha igi, òkú kò sọ̀. Ó wọ inú odò títí omi fi mù ún dé ọrùn, òkú kò sọ̀. Bí ó bá dojú kọ ọ̀nà ilé, ẹrù náà á wúwo bí odó tí wọ́n fi irin kún, orúnkún rẹ̀ á sì wó lulẹ̀. Bí ó bá dojú kọ ibi tí igbó ti dí, òkú náà á fúyẹ́ bí ọmọ ọwọ́. Nígbà tí ó ṣe báyìí nígbà mẹ́ta, ó mọ ibi tí wọ́n ń rán òun lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó sì ń sunkún.

Ó gba inú igbó àwọn igi tí ń mí. Ó kọjá láàárín àwọn iwin tí ẹnu wọn wà ní àtẹ́lẹwọ́, tí wọ́n ń patẹ́wọ́ fún un tí wọ́n ń wí pé, "Aláyọ̀, kí lo pọ̀n? Ṣé àbíkẹ́yìn ni?" Ó fẹ́ yìnbọn sí wọn, ẹ̀tù tí ó wà nínú ìbọn di eérú, ó dà sí i lẹ́sẹ̀. Bí ó bá ṣe èmi ni, ẹnu ni ǹ bá fi lé wọn, nítorí ẹ mọ̀ pé ọfọ̀ mi kì í sùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé òkú pọ̀n kò rántí ọfọ̀. Ó ń lọ títí ó fi dé etí odò dúdú kan, níbi tí baba ọlọ́kọ̀ kan jókòó sí, tí irùngbọ̀n rẹ̀ gùn tí ó fi jẹ́ pé òun ni ó fi so ọkọ̀ mọ́ igi.

"N kì í gba owó," ni baba náà wí. "Àlọ́ ni mò ń pa. Ohun kan wà tí a bí sínú omi, tí ó dàgbà nínú omi, tí ó sì tún jẹ́ pé inú omi ni ó ń kú sí."

"Ìrẹsì," ni Ọdẹ́rìndé wí, nítorí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn olóògbé náà kò tíì kúrò létí rẹ̀.

"Ohun kan wà tí ń wọ ilé láì kan ilẹ̀kùn, tí kì í jókòó, síbẹ̀ tí gbogbo ará ilé ń dìde fún un."

Ó ronú, ó rántí ìyàwó rẹ̀ Ìyùnadé nígbà tí ó bá ń dín dòdò. "Òórùn oúnjẹ ni."

"Ó dára. Ẹrù wo ni ẹni tí ó gbé e kò lè sọ̀, tí ẹni tí ó bá sì sọ̀ ọ́ kò lè gbàgbé?"

Ọdẹ́rìndé kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ní, "Baba, mo yìnbọn kí n tó wò. Òun nìyí."

Baba ọlọ́kọ̀ tú irùngbọ̀n rẹ̀ kúrò lára igi. Bí wọ́n ti ń wa ọkọ̀ lọ, ó sọ bí ọ̀ràn ṣe rí fún un. Ó ní ìlú tí ó wà lókè odò yẹn, ìlú àwọn ará Sípéènì ni. Ọkọ̀ òkun àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ dó ti fọ́ ní ẹnu òkun láyé àtijọ́, gbogbo wọn sì rì. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé wọ́n ti kú. Wọ́n gbọn omi dànù lára aṣọ wọn, wọ́n rìn gòkè odò wá, wọ́n sì kọ́lé sínú igbó. Oúnjẹ ni ó gbé wọn ró. Ní ọjọ́ karùn-ún karùn-ún, ní ọ̀sán gangan, gbogbo ìlú a máa pé jẹ ìrẹsì kan náà láti inú páànù kan náà. "Bí wọ́n bá pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra," ni baba náà wí, "wọn yóò rántí pé àwọn ti kú. Nígbà náà ni gbogbo rẹ̀ yóò tán. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ yìí, Ramírò, òun ni alásè wọn. Ìbọn rẹ ti rán an létí."

Ìlú náà funfun, ó sì dákẹ́. Àwọn ènìyàn dúró lójú pópó, olúkúlùkù mú ife ọtí wáìnì dání, wọ́n sì fi àwo kékeré kan dé e lórí. Òfìfo ni àwo náà. Ọ̀sán ti kọjá, ìrẹsì kò dé. Ọdẹ́rìndé wo ilẹ̀, ó rí i pé kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó ní òjìji.

Obìnrin kan jáde láti inú ilé tí èéfín ti gbẹ lẹ́nu ihò òrùlé rẹ̀. Konsuẹ́lò ni orúkọ rẹ̀, ìyàwó Ramírò. Kò pariwo. Ó wá sí ẹ̀yìn Ọdẹ́rìndé, ó fi ọwọ́ kan kan apá òkú náà, òkú tí odò àti igi kò lè já sì sọ̀ kalẹ̀ sí àyà rẹ̀ bí ọkùnrin tí oorun ń kùn. Ó gbé e wọlé. Lẹ́yìn ilé ìdáná ni wọ́n sin ín sí, láàárín àwọn ewéko tòmátì.

Olórí ìlú náà, tí wọ́n ń pè ní Alikádè, dá ẹjọ́ lójú pópó. Ó ní, "Bí a bá pa ọ́, àwa pẹ̀lú yóò kú. Ọwọ́ tí ó pa iná ni yóò dá a. Ọjọ́ márùn-ún ni ó wà ṣáájú ìrẹsì tí ó ń bọ̀. Konsuẹ́lò ni yóò kọ́ ọ. Lọ jẹun ná, nítorí kò sí ẹni tí ó lè se ohun tí kò tọ́ wò rí. Gbé tápà fún un."

Ọdẹ́rìndé wò wọ́n, ó ní, "Tápà? Ṣé Tápà ni yín ni? Mo mọ àwọn Tápà, wọn kò jọ yín."

"Ìdérí ni tápà ní èdè wa," ni Konsuẹ́lò wí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó bá a sọ nìyẹn. "Oúnjẹ díẹ̀ tí a ń gbé ka orí ife kí eṣinṣin má bàa wọ inú ọtí. Ọkọ mi ni ó sè é lówùúrọ̀ òní kí ó tó lọ ṣa ìgbín. Èyí tí o máa jẹ yìí, kò sí òmíràn mọ́ láéláé."

Ó tẹ́ àwo mẹ́rin síwájú rẹ̀, kéékèèké bí àtẹ́lẹwọ́. Edé wà nínú ọ̀kan, tí wọ́n fi aáyù àti ata yí nínú òróró ólífì. Pòtétò àti ẹyin tí wọ́n dín pọ̀ nípọn bí ìrọ̀rí wà nínú èkejì. Tàtàṣé tí wọ́n fi iná sun, tí wọ́n bó, wà nínú ẹ̀kẹta. Èso ólífì ni ó wà nínú ẹ̀kẹrin. Ọdẹ́rìndé rò pé kò ní lọ lọ́nà ọ̀fun òun. Ó fi búrẹ́dì kan òróró edé náà.

Ó dùn. Háà, ẹ̀yin èèyàn, ó dùn ju bí ó ti yẹ lọ! Aáyù náà ti rọ̀, ó ti di dídùn nínú òróró, edé náà sì já lẹ́nu bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi. Pòtétò náà rọ̀ láàárín, ó gbóná díẹ̀ síbẹ̀. Ooru ọwọ́ ọkùnrin náà ṣì wà lára oúnjẹ, òun fúnra rẹ̀ sì ti wà lábẹ́ ilẹ̀. Ọdẹ́rìndé ń jẹ, omijé ń ṣàn sí i lẹ́nu, kò sì lè dáwọ́ dúró. Ó sọ fún mi pé nínú gbogbo ohun tí ojú òun rí ní ìrìn àjò yẹn, òun kò rí ìyà tí ó tó ìyẹn, pé kí oúnjẹ ẹni tí òun pa dùn mọ́ òun lẹ́nu.

Konsuẹ́lò dúró tì í títí ó fi nu àwo ìkẹyìn. "Ṣé ó dùn?"

"Ó dùn, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí..."

"Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo bá ọ sọ. Dìde, wá fọ àwo."

Báyìí ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìdáná náà. Ọdẹ tí kò ta omi sí ìkòkò rí nílé ara rẹ̀! Ó kọ́ bí a ti ń gé pòtétò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí a ń jẹ́ kí ó rọ̀ nínú òróró lórí iná tí kò le, tí a ń da ẹyin lù ú, tí a sì ń fi àwo dé páànù kí a tó dojú rẹ̀ dé kí apá kejì lè jiná díẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ bọ́ lulẹ̀. Ìkejì bọ́ lé e lẹ́sẹ̀. Konsuẹ́lò kò bú u, kò sì yìn ín. Bí ó bá ṣe dáadáa, á yí ojú sí ògiri. Ẹnu iṣẹ́ nìkan ni ó ń gbọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀: dín iná kù, gbé e kúrò, ṣe é padà. Ó sì ń pè é ní Ìbọn. "Ìbọn, mú iyọ̀ wá."

Lẹ́yìn náà ni ó fi páànù ńlá hàn án, pẹrẹsẹ, tí ó fẹ̀ tó ẹnu kànga, tí kò sì jìn ju ìka kan lọ. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń se ìrẹsì ọ̀sán. Ó ní kí ó má fọ ìrẹsì náà, nítorí bí ó bá fọ̀ ọ́, ó ti fọ agbára rẹ̀ dànù. Ó ní kí ó yí ìgbín àti edé nínú òróró, kí ó yọ wọ́n, kí ó wá da tòmátì sí i, kí ó dín in títí yóò fi pọ́n dúdú. Kí ó bu ata gbígbẹ tí wọ́n fi èéfín yan sí i. Kí ó da ìrẹsì sí i, lẹ́yìn rẹ̀ omi gbígbóná, lẹ́yìn rẹ̀ okùn òdòdó pupa wẹ́wẹ́ kan tí ń sọ omi di àwọ̀ oòrùn.

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Má fọwọ́ kàn án mọ́."

"Ṣé kí n má rò ó ni?"

"Bí o bá rò ó, o ti pa á."

Ní ọjọ́ karùn-ún, gbogbo ìlú pé. Ọdẹ́rìndé ṣe gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìrẹsì ń hó, tí ó ń fa omi, ẹ̀rù bà á. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ wà níbí, ẹ gbà mí gbọ́, ó ṣòro kí ènìyàn dúró lórí ìkòkò kí ó má ṣe nǹkan kan! Ó gbóòórùn iná ní ìdí páànù, ó rò pé ó ń jó, ọwọ́ rẹ̀ sì yára ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó mú ìgbákọ, ó rò ó. Ìrẹsì náà di ẹ̀kọ. Alikádè tọ́ ọ wò, ó gbé síbí sílẹ̀. Nígbà tí ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ohùn kò jáde. Gbogbo ìlú ti pàdánù ohùn wọn. Ohùn Konsuẹ́lò nìkan ni ó kù, nítorí òun ni ó ń kọ́ni. Wọ́n padà sílé láì ní òjìji, láì ní ohùn. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan.

Lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìyẹn ni ó ń dán an wò nínú páànù kékeré. Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn kí ó má bàa rò ó. Ìrẹsì jáde ní ẹyọ ẹyọ, ó pọ́n, ó dára lójú. Ṣùgbọ́n bí ó bá tọ́ ọ wò, òkú ni. Ó dùn bí ewé ṣe ń dùn. Ó bi Konsuẹ́lò bóyá nǹkan kan kù. Konsuẹ́lò ní, "Kò sí ohun tí ó kù."

Ọdẹ ni Ọdẹ́rìndé. Bí ẹran kò bá fara hàn, ọdẹ á wá ipasẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin, ó lọ sí ààtàn lẹ́yìn ilé ìdáná, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tú u bí ẹni tí ń tọ ọ̀yà. Eérú wà níbẹ̀, ìpele lórí ìpele, ọdún lórí ọdún. Nínú ìpele kọ̀ọ̀kan ni ó ti ń rí ìpàǹtí pupa kan, tí ó ti jóná létí, tí wọ́n ti gún kúnná. Ó gbé e sí imú. Orí edé ni. Láti ọjọ́ tí ó ti dé, Konsuẹ́lò ni ó ń já orí edé kúrò fúnra rẹ̀, tí ó sì ń dà á sí odò.

Ó wọlé, ó ṣí ọwọ́ rẹ̀ síwájú Konsuẹ́lò. "Ìyá, orí edé ni ọkọ yín ń yan, tí ó ń gún, tí ó ń fi omi rẹ̀ se ìrẹsì. Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

Konsuẹ́lò kò sẹ́. "Mo fẹ́ kí a rántí," ó ní. "Ní ọ̀la, nígbà tí ìwọ bá kùnà, gbogbo wa yóò rántí ohun tí a gbàgbé, èmi yóò sì lọ bá a. Ṣé o rò pé mo fẹ́ kí ìrẹsì rẹ̀ jáde láti ọwọ́ rẹ?"

"Àwọn ará ìlú ńkọ́?"

"Mo ti sè fún wọn tó."

Ọdẹ́rìndé kò mọ ohun tí ó lè fi bẹ̀ ẹ́. Nítorí náà ó sọ ohun kan ṣoṣo tí ó mọ̀, èyí tí ilẹ̀ sọ fún un. Ó ní, "Ọkọ yín ń tiro lẹ́sẹ̀ òsì. Níta ni ó ti ń yan orí edé, kò yan án nínú ilé ìdáná rí. Òkúta kan wà níbẹ̀ tí ó ń jókòó lé, gìgísẹ̀ rẹ̀ ti lu ihò méjì sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò kọ ojú sí igbó, kò kọ ojú sí odò. Ẹnu ọ̀nà yìí ni ó kọ ojú sí. Ẹni tí ó bá jókòó síbẹ̀, ẹ̀yin nìkan ni yóò máa rí."

Konsuẹ́lò gbójú sókè wò ó. "Ta ni ó sọ fún ọ pé ó ń tiro?"

"Ilẹ̀ ni."

"Èéfín rẹ̀ ń mú mi wúkọ́," ni Konsuẹ́lò wí. "Ìdí nìyẹn tí ó fi ń gbé e lọ síta. Nínú òjò pàápàá." Ó jókòó lórí ilẹ̀ ilé ìdáná, ó sì sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí òkú ti dé, ẹkún tí kò ní ohùn rere nínú, bí igi tí ń ya. Ọdẹ́rìndé kò sún mọ́ ọn. Kò ní ẹ̀tọ́ láti sún mọ́ ọn. Nígbà tí Konsuẹ́lò sunkún tán, ó fi aṣọ ìdí nu ojú. Ó ní, "Gbé odó wá."

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí oòrùn dé àtàrí, wọ́n gbé páànù ńlá kaná. Omi orí edé wọ inú rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì gba ìlú kan. Àwọn ènìyàn tí kò lóhùn, tí kò ní òjìji, ti ń ṣá lójú. Ènìyàn lè rí ògiri láti inú àyà wọn. Konsuẹ́lò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Fetí sí i. Bí ó bá ti ń dún bí nǹkan tí ń jẹ koríko gbígbẹ, gbé e kúrò. Kí ó tó dún, má mira."

Ọdẹ́rìndé fetí sílẹ̀. Ẹni tí kì í dúró kí ewé mì lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró. Òógùn bọ́ sí i lójú, kò nù ún. Omi gbẹ, iná ń ta, ó dúró. Lẹ́yìn náà ni ó gbọ́ ọ ní ìdí páànù, kẹrẹkẹrẹ, kẹrẹkẹrẹ, gẹ́lẹ́ bí ọ̀yà tí ń jẹ koríko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó gbé páànù kúrò lórí iná, ó fi aṣọ bò ó. Wọ́n dúró síbẹ̀ di ìgbà tí èéfín rẹ̀ rọlẹ̀.

Alikádè kọ́kọ́ jẹ. Ó ní, "Áà." Ohùn ni ìyẹn. Ni gbogbo ìlú bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, òjìji wọn sì ń jáde láti abẹ́ ẹsẹ̀ wọn bí omi tí ń sun. Wọ́n ń ha ìdí páànù fún èyí tí ó ti gan, tí ó ń dún kàkà lẹ́nu, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bú ara wọn. Wọn kò rántí ohunkóhun.

Konsuẹ́lò nìkan ni ó jẹ síbí kan tí ó dúró. Ó jẹ ẹ́ pẹ́ kí ó tó gbé e mì. "Òun ni," ó ní. "Kò yàtọ̀ rárá." Ojú rẹ̀ sì bàjẹ́ ju ti ọjọ́ tí ó gba òkú lọ. "Nígbà tí ó jẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni ó mọ̀ ọ́n sè, inú mi lọ́hùn-ún ń wí pé yóò padà wá sè é. Báyìí, mo ti fi kọ́ ọ, èmi náà sì lè máa sè é fún wọn. Kò sí ohun tí ó ń bọ̀ wá ṣe mọ́. Òní ni ó kú."

Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìyá, ẹ foríjì mí."

"N kò lè ṣe é," ni Konsuẹ́lò wí, kò sì fi ìbínú wí i. "Bí mo bá lè ṣe é, ǹ bá ṣe é kí n lè sinmi. Dìde, máa lọ sílé rẹ." Ó yí padà, ó lọ bu ìrẹsì fún arúgbó kan tí ó nawọ́ àwo.

Kò sí iwin kan tí ó dá Ọdẹ́rìndé lọ́nà nígbà tí ó ń bọ̀. Nígbà tí ó dé ẹ̀yìn odi ìlú wa, ó gbọ́ ìrèmọ̀jé, ohùn tí a fi ń sin òkú ọdẹ. Àwa ni. Wọ́n ti wá a títí, wọ́n rí fìlà rẹ̀ létí odò, a sì ń ṣe ìsípà rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, mo sì sá, ẹ má gbọ́ ohun tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi ń sọ pé mo gun igi. Nígbà tí wọ́n fi ọwọ́ kàn án tí wọ́n rí i pé ẹran ara ni, ìsípà di ijó.

Ṣùgbọ́n Ọdẹ́rìndé kò jó. Ó wo Ìyùnadé ìyàwó rẹ̀, tí ó wọ aṣọ dúdú, tí wọ́n ti fá orí rẹ̀, tí ètè rẹ̀ ti bó nítorí àìjẹun. Ó mọ ojú náà. Ó ti bá irú rẹ̀ gbé inú ilé ìdáná kan fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ìyùnadé di mọ́ ọn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń pe oríkì rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì ó wọ ilé ìdáná ìyàwó rẹ̀, ó ní kí ó jókòó. Kò rí òdòdó pupa, kò rí òróró ólífì. Ó fi òróró ẹ̀pà ṣe é, ó fi ìgbín, edé odò àti tàtàṣé sí i, ó sì gún orí edé náà nínú odó. Ìyùnadé, tí kò tíì jẹ nǹkan tí ó nílàárí láti ìgbà tí wọ́n ti rí fìlà, jẹ àwo kan, ó tún bu òmíràn. Ó ní, "Bàbá Wúràọlá, ta ni ó kọ́ ọ ní èyí?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti ìgbà tí ó fa ìbọn.

Ìyùnadé gbé síbí sílẹ̀. Ó wo oúnjẹ náà, ó ní, "Obìnrin yẹn, ta ni ó ń bá a jẹun báyìí?"

"Kò sí ẹnì kan," ni Ọdẹ́rìndé wí.

Ìyùnadé kò jẹ mọ́. Ọdẹ́rìndé náà kò jẹ. Wọ́n jókòó ti oúnjẹ náà títí ó fi tutù.

Ibi tí ó bá mi sọ ọ́ dé nìyẹn, n kò sì ní fi tèmi kún un. Ẹ máa lọ sílé yín wàyí. Ẹni tí ó bá ní ẹni tí ń dúró dè é, kí ó má ṣe yà sí ibì kankan.